Àpótí Mẹ́rin

Ọ̀mọ̀wé Ṣósanwó fa ìlà sójú pátákó,
ọ̀kan dùbúlẹ̀, ọ̀kan nàró,
àpótí mẹ́rin ló jáde.
Ó ní, "Ẹni méjì ń ta ọjà kan náà lójú títì kan náà.
Bí èkíní bá já owó lulẹ̀, kí ni èkejì yóò ṣe?"
Ẹfun ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iná ti lọ láti àárọ̀.
Gbọ̀ngàn tó yẹ kó gba ọgọ́rùn-ún,
àwa igba là ń làágùn nínú rẹ̀ l'Ágọ̀-Ìwòyè.

Mo wo àpótí náà títí, Òkè-Àgbò ni mo rí.
Mo rí ilé omi wa,
ìyá mi lórí àga onírọ́bà, bírò lẹ́yìn etí,
ó ń ka àpò omi bó ṣe ń wọnú mọ́tò.
Mo rí ilé omi Bàbá Ọ̀nàbájò ní òdìkejì,
ẹ̀rọ tuntun, ọ̀dà tuntun,
páálí tí wọ́n kọ gàdàgbà: IGBA NÁÍRÀ PÉRÉ.
Tiwa nígbà náà, igba náírà ó lé àádọ́ta.

Ìwé ní kí ìyá mi já tirẹ̀ náà lulẹ̀.
Àwọn onímọ́tò ní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún ní bẹ́ẹ̀.
Màmá ní, "Ọjọ́ wo ló ń san owó alájẹṣẹ́kù?"
Ó ti mọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni.
Obìnrin tó ń gba owó náà
a máa dúró mu omi lọ́dọ̀ wa kó tó sọdá.
Ó mọ iye dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ tuntun yẹn ń mu,
etí ló fi ń ka wákàtí rẹ̀ lóru.
Ó ṣírò gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì:
ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.
"Ẹni tó ń fi gbèsè sáré, ẹ má bá a sá."
Ó pa fìtílà, ó sùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni ẹ̀rọ náà dákẹ́.
Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, omi wa di ọ̀ọ́dúnrún.
Nínú owó yẹn ni wọ́n ti san owó ilé-ìwé mi.

Ọ̀mọ̀wé kọ òǹkà méjì sínú àpótí kọ̀ọ̀kan,
èrè tèmi, èrè tìrẹ.
Mo wá tiwa kàn nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì:
méje fún ọ̀kan, òdo fún èkejì.

Òdo yẹn ní orúkọ.
Adémúyìwá ni, ọmọ Ọ̀nàbájò.
A jọ máa ń gun ọ̀kadà kan wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó,
èmi láàárín, òun lẹ́yìn,
a ó pín owó rẹ̀ dọ́gba, dé orí náírà márùn-ún.
Òun ló la ìṣirò yé mi
lọ́dún tí mo fẹ́ fi kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀.
Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, báàgì mi ló ń jókòó sí àyè rẹ̀.
Wọ́n ní ó wà ní Ṣàgámù, ó ń kó búlọ́ọ̀kù.

Ìbéèrè kẹta nínú ìdánwò:
Ta ló ń jèrè ogun iye owó? Ṣàlàyé.
Mo kọ ojú ewé méjì. Mo kọ nípa gbèsè, nípa sùúrù,
nípa ẹni tó mọ ohun tí èkejì kò mọ̀ pé ó mọ̀.
Mo gba méjìdínlógún nínú ogún.
Yíǹkì pupa béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: "Níbo lo ti rí àpẹẹrẹ yìí?"
N kò dá a lóhùn.

Mo gbé e fún Màmá wò.
Ó ń fi ìka tọ àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró lórí òdo.
"Mo ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀," ó ní,
"pé kó gbé ẹ̀rọ yẹn wá, ká jọ máa ṣe é.
Ó ní òun ò lè wá sìn mí.
Àpótí wo nìyẹn wà?"

Mo yẹ ìwé náà wò, iwájú, ẹ̀yìn.
Mọ́tò kan fọn fèrè, ogún àpò ló fẹ́.
Màmá fa bírò yọ létí, ó dìde.
Mo fi eyín já etí ọ̀rá omi kan, mo mu ún.
Ó tutù. Orúkọ wa ló wà lára rẹ̀.